Ohun Tó Dúró Nígbà Tí Ilẹ̀ Ń Mì: Bí A Ṣe Lè Fọwọ́ Ara Wa Ṣe Ẹ̀rọ Tí Ń Kọ Ìmì Ilẹ̀ Sílẹ̀

Ẹni tó bá ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Ilé-Ifẹ̀ tàbí Iléṣà mọ̀ ọ́n dáadáa: gbìì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sàn-án, abọ́ dún lórí pẹpẹ, gíláàsì fèrèsé gbọ̀n, gbogbo rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ara rẹ̀ nìkan ló fi gbọ́ ọ, kò sí ẹ̀rí mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Sípíríìngì kan, òòfà mélòó kan, wáyà kọ́pà tín-ín-rín àti páálí iná kékeré kan tó láti kọ ìmì yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú wákàtí àti ìṣẹ́jú rẹ̀, títí kan èyí tí ara èèyàn kò lè gbọ́ rárá.

Iná inú ẹ̀rọ yìí kọ́ ló ń rú èèyàn lójú jù. Ìbéèrè kan wà tí ẹni tó bá ronú díẹ̀ máa ń bi: ẹ̀rọ tó jókòó sórí ilẹ̀, tí òun náà ń bá ilẹ̀ mì, tí tábìlì ń mì, tí ògiri ń mì, tí ẹni tó ń wò ó pàápàá ń mì, kí ló máa fi mọ̀ pé ilẹ̀ mì? Ìbéèrè gidi ni. A gbọ́dọ̀ wá ohun kan tí kò bá ilẹ̀ lọ.

Ẹ wo èrò tó wọ kórópé ní Lágeré ní Ilé-Ifẹ̀. Bí awakọ̀ bá ṣàdédé ki eré mọ́lẹ̀, ìdí èrò á bá ìjókòó lọ, orí rẹ̀ á sì já sẹ́yìn. Orí náà kò rìn sẹ́yìn o. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ló ṣì fẹ́ wà, ọkọ̀ ló sá kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ní ìwúwo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá so nǹkan rọ̀ sórí sípíríìngì tó rọ̀, tí ilẹ̀ wá gbé férémù rẹ̀ sókè lójijì, sípíríìngì á gùn sí i, ohun tó rọ̀ náà á sì dúró síbi tó wà fún ìgbà díẹ̀. Àyípadà tó bá àlàfo láàárín férémù àti ohun tó rọ̀ yìí la fẹ́ wọ̀n. Gbogbo iṣẹ́ yòókù, ọ̀nà ìwọ̀n ni.

Òòfà àti kọ́ìlì ló rọrùn jù láti fi wọ̀n ọ́n. A ó so òòfà mọ́ ohun tó rọ̀, a ó sì so kọ́ìlì wáyà mọ́ férémù. Nígbà tí ọ̀kan bá ń rìn nínú èkejì, iná díẹ̀ á jáde lẹ́nu wáyà. Bí ìrìn náà bá ṣe yá tó ni iná náà ń pọ̀ tó. Ẹ fi èyí sọ́kàn: bí òòfà ṣe ń yára tó ni ẹ̀rọ yìí ń sọ, kì í sọ bó ṣe jìnnà tó. Òòfà tó dúró jẹ́ẹ́ nínú kọ́ìlì kì í mú iná kankan jáde, bó ti wù kó lágbára tó.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i kó tó náwó lè mú ẹnu sípíkà àtijọ́ kan, kó fi gọ́ọ̀mù lẹ nǹkan tó wúwo tó 100 g mọ́ àárín páálí rẹ̀, kó dojú rẹ̀ kọ òkè lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kó sì so wáyà méjèèjì mọ́ ihò gbohùngbohùn kọ̀ǹpútà. Bí ẹnìkan bá fẹsẹ̀ kilẹ̀ nítòsí, yóò hàn bí ìlà lójú kọ̀ǹpútà, èyí tí a ó máa pè ní ojú ìwé. Àmọ́ kò ju eré lọ, torí páálí sípíkà le jù, ihò ohùn kọ̀ǹpútà sì sábà máa ń gé ohun tó bá lọ́ra ju 20 ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan dànù. Ìmì ilẹ̀ tó ti ọ̀nà jíjìn wá lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Sípíríìngì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń kọ́kọ́ sáré lọ ra Arduino, ìyẹn páálí iná kékeré tí èèyàn lè kọ àṣẹ sí. Ó sàn kí ẹ mú sípíríìngì ṣáájú, torí òun ló máa pinnu ohun tí ẹ̀rọ yín lè gbọ́. Bí ohun àsokọ́ bá ń lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò gbọ́ ìmì tó yá ju ìyẹn lọ dáadáa. Èyí tó bá lọ́ra jù ú lọ, ohun àsokọ́ yóò kàn máa bá ilẹ̀ rìn pọ̀ ni, ẹ̀rọ á sì di adití sí i.

Ìwúwo fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń mú un lọ́ra o. Bí sípíríìngì bá ṣe fà gùn tó lábẹ́ ẹrù ló ń pinnu rẹ̀. Bí ẹrù bá fà á gùn ní 6 cm, yóò máa lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀kan ní ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Bó bá fà á ní 25 cm, ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kó tó di méjì, ó gbọ́dọ̀ fà tó mítà kan gbáko, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gbé irú férémù bẹ́ẹ̀ sínú yàrá. Torí náà, 25 cm ni kí ẹ lépa. Kì báà jẹ́ 150 g lẹ so rọ̀ sórí sípíríìngì tó rọ̀, kì báà jẹ́ kìlógíráàmù méjì sórí èyí tó le, ìfàgùn kan náà, ìrìn kan náà. A fara mọ́ 150 g, ìdí rẹ̀ sì ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Sípíríìngì onírin tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, èyí tó máa ń rọ ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, dára gan-an. Oníke kò dára, torí díẹ̀díẹ̀ ló máa ń fà títí tí ẹrù á fi kanlẹ̀. Bí onírin bá rọ̀ jù, ẹ gé e: ìdajì sípíríìngì le ní ìlọ́po méjì odindi. Ẹ ṣọ́ra fún sípíríìngì tí ojú rẹ̀ fún mọ́ra pinpin nígbà tí kò gbé nǹkan kan. Agbára kan ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìfàgùn rẹ̀ kò sì ní bá ìṣirò òkè yìí mu. Èyí ló fi dára kí ẹ kàn kà á: ẹ fà á sílẹ̀ díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ ka ìlọ-àti-bọ̀ 20. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú-àáyá 20, ó pé.

Àṣìṣe kan wà níbí tí kì í tètè hàn. Bí gígùn gbogbo ohun àsokọ́, láti ìkọ́ òkè dé àárín ẹrù, bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ìfàgùn náà, ìyẹn bíi mítà kan fún ìfàgùn 25 cm, ìlọsókè-sódò rẹ̀ á máa di ìfì sọ́tùn-ún sósì, ìfì á tún padà di ìlọsókè. Yóò dà bíi pé ẹ̀mí àìrí kan ń fọwọ́ tì í. Ẹ jẹ́ kí gbogbo gígùn rẹ̀ wà ní bíi 60 tàbí 70 cm, ẹ ó bọ́ nínú wàhálà yẹn.

Kọ́ìlì àti ibi tí òòfà ń gbé

Wáyà kọ́pà oníkùn tó nípọn tó 0.1 mm la nílò. Ẹ lè rí i lọ́dọ̀ àwọn tí ń wé mótò pọ́ọ̀ǹbù omi àti fáànù, bí ìwúwo rẹ̀ bá ṣe tó ni wọ́n máa ń tà á. Ẹ gé páìpù oníke tí àwọn oníná ń gba wáyà kọjá nínú ògiri, èyí tí ìta rẹ̀ jẹ́ 25 mm, ẹ fi páálí líle tàbí ike ṣe etí méjì fún un kí àlàfo 10 mm wà láàárín wọn, kí ẹ wá wé wáyà yìí ní 2,000 ìgbà sáàárín etí méjèèjì. Yóò jẹ wáyà tó bíi 190 mítà, ìwúwo rẹ̀ kò sì ní ju bíi 13 g lọ. Ẹ so páìpù mọ́ ẹnu dírìlì ọwọ́, kí ẹ sì máa fa ilà kan sórí ìwé ní gbogbo 100. Ẹ má fà á le, torí wáyà tó tín-ín-rín báyìí máa ń já bí òwú aláǹtakùn. Bó bá já, ẹ ha kùn orí rẹ̀ kúrò, ẹ lọ́ méjèèjì pọ̀, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó o, ẹ fi téèpù bò ó, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Bẹ́ẹ̀ bá parí, ẹ fi mítà wọn ẹnu méjèèjì. Nǹkan bíi 400 ohm ló yẹ kó sọ. Bí mítà kò bá sọ nǹkan kan, wáyà ti já níbì kan, tàbí kí ó jẹ́ pé ẹ kò ha kùn ẹnu rẹ̀ kúrò dáadáa, èyí tó sì sábà máa ń jẹ́ nìyẹn. Bí ó bá sọ 150 tàbí 200, kùn ti bó láàárín, apá kan kọ́ìlì ti ń fara kan apá kejì. Kò sí àtúnṣe, ẹ tún un wé.

Òòfà neodymium (irú òòfà kékeré tó lágbára gan-an) pẹlẹbẹ mẹ́rin tó fẹ̀ ní 12 mm, tó nípọn ní 3 mm, tí a tò léra wọn, ló máa wọ inú páìpù náà láìfara kan ògiri rẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá alumíníọ́mù tàbí idẹ tó tó 15 cm gbé e jìnnà sí sípíríìngì. Bí òòfà bá súnmọ́ sípíríìngì onírin, yóò máa fà á, gbogbo ìwọ̀n yín á sì dàrú. Ẹ má fi skrúù irin kankan sí tòsí ibẹ̀.

Ojú ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bà jẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tó ṣe é mọ̀. Èèyàn á rò pé àárín òòfà ló yẹ kó wà ní àárín kọ́ìlì. Rárá! Níbẹ̀, bí òòfà bá lọ sókè, ohun tó wọ kọ́ìlì láti ìsàlẹ̀ àti ohun tó jáde lókè á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, iná á sì pa ara rẹ̀ run. Orí òòfà, ìyẹn ibi tí agbára rẹ̀ ti ń tú jáde, ló yẹ kó wà ní àárín kọ́ìlì. Ẹ so mítà mọ́ kọ́ìlì, ẹ gbé e sí mílífóltì, kí ẹ máa fi ìka ta òòfà díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbé kọ́ìlì sókè sódò. Ibi tí mítà bá ti fò jù ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Bí a ṣe ń dá a dúró

Ohun àsokọ́ tí kò sí ohun tó ń dá a dúró máa ń mì fún ìṣẹ́jú púpọ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti dákẹ́. Ohun tí ẹ ó rí lójú ìwé nígbà náà, orin sípíríìngì ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Omi tàbí òróró nínú agolo lè dá a dúró, àmọ́ omi ń gbẹ, òróró ń ki lọ́yẹ́, aáyán sì ń kú sínú rẹ̀. Ọ̀nà tó mọ́ jù ni páìpù kọ́pà tí àwọn oníṣẹ́ ẹ́síì ń lò, èyí tí ìta rẹ̀ jẹ́ 22 mm. Ẹ so òòfà kejì, tó fẹ̀ ní 15 mm, sí ìsàlẹ̀ pátápátá ọ̀pá yẹn, kí ó rọ̀ sínú páìpù kọ́pà tí ẹ gbé ró lórí pákó ìsàlẹ̀. Òòfà kì í fa kọ́pà, ṣùgbọ́n bó bá ti ń rìn nínú rẹ̀, iná á máa yí kiri nínú ògiri kọ́pà, iná yẹn á sì máa ta ko ìrìn náà. Bí àlàfo àárín wọn bá ṣe kéré tó ni ìdádúró náà ń lágbára tó. Ó sì tún ń lágbára bí ohun àsokọ́ bá fúyẹ́, ìdí sì nìyí tí a kò fi fẹ́ ẹrù kìlógíráàmù méjì.

Ẹ dán an wò: ẹ fà á sílẹ̀ ní 10 mm kí ẹ sì fi sílẹ̀. Bó bá padà lọ sókè, tó kọjá ibi ìsinmi rẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì mílímítà péré, tó sì dúró síbẹ̀, ó ti dára. Bó bá ṣì ń lọ ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin márùn-ún, ẹ fi òòfà kún un tàbí kí ẹ wá páìpù tó nípọn sí i. Bó bá ń rọra padà bí ẹni tó ń wọ́ nínú ẹrẹ̀, ẹ fa òòfà náà jáde díẹ̀ kúrò nínú páìpù.

Férémù lè jẹ́ igi líle tàbí alumíníọ́mù, kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta tí a lè fi nọ́ọ̀tì gbé sókè sódò, torí ẹsẹ̀ mẹ́ta kì í mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ẹ bò ó pátápátá. Afẹ́fẹ́ fáànù nìkan tó láti ya òkè àti kòtò sójú ìwé. Ooru náà ń ṣe tiẹ̀: bí yàrá bá gbóná sí i, sípíríìngì á rọ̀ díẹ̀, òòfà á sì sọ̀kalẹ̀, nítorí náà ẹ má gbé e síbi tí oòrùn ọ̀sán ń tàn sí. Aláǹtakùn lọ̀tá tó burú jù. Fọ́nrán kan ṣoṣo láàárín òòfà àti kọ́ìlì tó láti dí ẹ̀rọ létí.

Ilé ìsàlẹ̀, lórí kọnkéré tó kanlẹ̀, ni kí ẹ gbé e sí. Kì í ṣe òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì. Àpáta tó ti pẹ́ gan-an ló wà nísàlẹ̀ Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà, níbi tí erùpẹ̀ kò bá sì jìn lórí rẹ̀, ìmì ń dé geerege. Ẹ jìnnà sí igi ńlá, torí gbòǹgbò ń mi ilẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́. Ẹ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, ti yín àti ti aládùúgbò.

Iná inú rẹ̀

Ìgbésẹ̀ ẹsẹ̀ èèyàn ní mítà mélòó kan lè mú nǹkan bíi mẹ́wàá máíkrófóltì sí ọgọ́rùn-ún jáde nínú kọ́ìlì yìí. Arduino Uno fúnra rẹ̀ kò lè mọ ohun tó bá kéré ju bíi 5 mílífóltì. Ìdí nìyí tí a fi nílò op-amp láti sọ ọ́ di ńlá, àti ADS1115 láti kà á.

LM358, ìyẹn irú op-amp kan, kò wọ́n púpọ̀, ó sì wà káàkiri, àmọ́ ó ní àléébù kan tó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn ju iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Àṣìṣe mílífóltì méjì tàbí mẹ́ta sábà máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bá sọ ọ́ di ìlọ́po 221, àṣìṣe yẹn á di bí ìdajì fóltì, nígbà mìíràn á ju fóltì kan lọ, ẹ̀rọ á sì lẹ̀ mọ́ òkè tàbí ìsàlẹ̀ láìmì mọ́. Kapásítọ̀ ni ẹ ó fi dènà rẹ̀. Ẹ fi rẹsísítọ̀ 220k sáàárín ẹnu àbájáde op-amp àti ẹnu ìyọkúrò (−) rẹ̀. Láti ẹnu ìyọkúrò, ẹ fi rẹsísítọ̀ 1k àti kapásítọ̀ 1,000 µF tẹ̀ lé ara wọn lọ sí ilẹ̀ iná (GND), kí ẹ̀gbẹ́ ìròpọ̀ (+) kapásítọ̀ kọjú sí op-amp. Báyìí, ìmì nìkan ni yóò di ńlá, àṣìṣe tó dúró sójú kan kò ní di ńlá. Ẹ má fi 100 µF rọ́pò o: yóò máa gé gbogbo ohun tó lọ́ra ju 1.6 ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ ó sì ti fi òógùn yín lórí sípíríìngì ṣòfò.

Ẹnu kan kọ́ìlì lọ sí ẹnu ìròpọ̀ op-amp. Ẹnu kejì lọ sí ibi tí ẹ ti fi 20k láti 5 V àti 10k láti ilẹ̀ iná pín fóltì sí bíi 1.67, pẹ̀lú kapásítọ̀ 100 µF láti ibẹ̀ sí ilẹ̀ iná. A kò pín in sí 2.5, torí LM358 lórí 5 V kì í lè gòkè ju bíi 3.5 lọ, a sì fẹ́ kí àyè òkè àti ti ìsàlẹ̀ dọ́gba. Ẹ gbé ADS1115 sí ìwọ̀n 4.096 V.

Ó ku NEPA. Iná wọn ń mì ní 50 ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kọ́ìlì yín sì ń gbọ́ ọ bí eriali. Ẹ fi kapásítọ̀ 47 nF sí ẹ̀gbẹ́ 220k yẹn, kí ẹ tún fi 10k àti 1 µF sáàárín op-amp àti ADS1115. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dín ohun tó yá ju bíi 15 lọ kù. Ẹ lọ́ wáyà méjèèjì láti kọ́ìlì mọ́ra bí okùn. Kí ẹ sì máa ka ìwọ̀n ní 100 ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ má kà á ní 50. Bẹ́ẹ̀ bá kà á ní 50, tí iná NEPA sì ń mì ní 49.5 lọ́jọ́ yẹn, ìgbì kan tó lọ́ra, tó ń lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì, á hàn lójú ìwé yín bí ẹni pé ilẹ̀ ń mì ní òkè òkun. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ tó sì pòórá, ẹ ó mọ ẹni tó ń parọ́.

Aago Arduino kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún iṣẹ́ yìí. Ẹ fi páálí aago tó ń jẹ́ DS3231 kún un, ìyẹn kì í ṣìnà ju bí ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kan lójúmọ́. Bẹ́ẹ̀ bá ń tọ́jú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sí báìtì méjì, ọjọ́ kan jẹ́ bíi 17 MB, káàdì 8 GB á sì gba ju ọdún kan lọ. Sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ kan wà fún kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ jAmaSeis tó lè ya ìgbì náà fún yín.

Ohun tí ẹ ó rí

Odó ni ìdánwò tó dára jù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Kí ẹnìkan gún iyán ní mítà mẹ́wàá sí ẹ̀rọ, kí gbígún ọmọrí odó kọ̀ọ̀kan hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìgbì kọ̀ọ̀kan sì ti kú kí èkejì tó dé. Bí wọ́n bá wọ inú ara wọn, ẹ padà sídìí páìpù kọ́pà. Ẹ tún tẹ òòfà sísàlẹ̀ díẹ̀ kí ẹ wo apá ibi tí ìlà lọ, kí ẹ kọ ọ́ sára férémù, torí ẹ ó nílò láti mọ̀ bóyá òkè ni ilẹ̀ kọ́kọ́ lọ tàbí ìsàlẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá lọ sókè, ohun àsokọ́ á dà bí ẹni tó lọ sísàlẹ̀.

Lójoojúmọ́, ọkọ̀ ńlá, ẹsẹ̀ èèyàn, ìlẹ̀kùn àti òjò lórí páànù ló máa pọ̀ jù. Àárín òru ni ìlà máa ń tẹ́jú. Ìbúgbàù ibi ìfọ́kúta máa ń dé lójú ọ̀sán, òkè ló sì sábà kọ́kọ́ ń ti ilẹ̀ sí, torí ìbúgbàù ń ti gbogbo àyíká rẹ̀ síta lẹ́ẹ̀kan náà. Ìmìtìtì gidi kò mọ òru mọ ọ̀sán. Ó lè kọ́kọ́ fa ilẹ̀ sísàlẹ̀, ìgbì rẹ̀ kejì sì sábà máa ń ga ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa.

Ìmìtìtì kì í ṣe ohun àjèjì pátápátá sí wa. Ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1984, ó sì mì ní Mpape ní Àbújá lóṣù kẹsàn-án ọdún 2018. Ìlà kan tí àpáta ti fọ́ láti ayébáyé gba Ifẹ̀wàrà kọjá, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sì máa ń tọ ipa rẹ̀ lọ títí dé Zungeru ní Ìpínlẹ̀ Niger. Ẹ̀rọ yìí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ilẹ̀ yóò mì lọ́la o. Ẹni tó bá tà á fún yín pẹ̀lú irú ìlérí bẹ́ẹ̀, ẹ gba owó yín padà.

Ṣùgbọ́n ó lè sọ bí ibi tó ti mì ṣe jìnnà tó. Ìgbì méjì ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà: èyí tó yá ń ṣáájú, èyí tó lọ́ra ń tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ṣe rìn jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ni àlàfo àárín wọn ń fẹ̀ tó. Ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá tó wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ fi mẹ́jọ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí kìlómítà rẹ̀, bí kò bá jìnnà ju bí ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Láti Ilé-Ifẹ̀ sí Iléṣà tó bíi 25 km bí ẹyẹ bá fò ó. Bí nǹkan bá bú ní Iléṣà, ẹ̀rọ tó wà ní Mọ̀ọ́rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ gbọ́dọ̀ rí àlàfo bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Ẹ̀rọ kan kò lè sọ apá ibi tó ti wá. Bí ẹni mẹ́ta ní ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá ní irú rẹ̀, tí aago wọn sì bára mu, kí kálukú fi ìwọ̀n tirẹ̀ ya òbìrí yípo ilé rẹ̀ lórí máàpù: ibi tí òbìrí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pàdé ni ilẹ̀ ti mì.